Èsì: Kí ló dé tí 24fps tó fún fíìmù, tí 30fps ò tó fún géèmù?

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní fíìmù 24fps (fps ni iye àwòrán tó ń kọjá lójú ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ń lọ geere lójú yín, àmọ́ géèmù 30fps ń wọ́lẹ̀.

Ọwọ́ yín ló fà á. Fíìmù, wíwò lásán ni. Ohun tó bá sáré kọjá níwájú kámẹ́rà máa ń ṣe bàìbàì díẹ̀ nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, ojú á sì so wọ́n pọ̀. Nínú géèmù, ẹ̀yin lẹ̀ ń tẹ bọ́tìnì, ẹ sì ń dúró de èsì: ní 30fps, àwòrán kan ń gba nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 33, ní 60, 16.7; ní 120, 8.3. Ẹ ò rí i pé èrè ibẹ̀ ń dínkù? Láti 30 bọ́ sí 60 ni ìyàtọ̀ gidi wà, pàápàá nínú géèmù ìbọn. Tí fps géèmù yín bá ń ṣe ségesège láàárín 35 sí 60, ẹ dè é mọ́ 30 nínú ètò géèmù náà kó dúró sójú kan.

Ní ti fíìmù, wọ́n gbé The Hobbit jáde ní 48fps lọ́dún 2012, ọ̀pọ̀ òǹwòran sì kọ̀ ọ́. Èmi náà ò fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa motion smoothing orí tẹlifíṣọ̀n yín, ìyẹn ètò tó ń fi àwòrán àtọwọ́dá kún àárín àwòrán fíìmù kó lè máa yọ̀ geere jù.