Lítíréṣọ̀ tí mo kà mọ́ akáúntì

Òkun o, àbúrò. O ní kọ̀ǹpútà lo ń lọ kà l'Amẹ́ríkà, o sì fẹ́ fi lítíréṣọ̀ ṣe minor, ìyẹn ẹ̀kọ́ kékeré tí wọ́n ń kà mọ́ ẹ̀kọ́ gan-an, ẹ̀gbọ́n ẹ wá ní ìfowóṣòfò ni. Jẹ́ n sọ tèmi torí ojú mi rí nǹkan lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Akáúntì ni mo kà, Nàìjíríà níbí ni, àwa ò ní minor, elective, ìyẹn kọ́ọ̀sì tó bá wù wá, la máa ń mú, mo wá kó gbogbo tèmi sórí lítíréṣọ̀. Bàbá mi tó jẹ́ pé kajú ni wọ́n ń tà n'Ìyárá kí wọ́n tó rówó ilé-ìwé mi, oṣù méjì ni wọn ò fi bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n ní ṣé àlọ́ làwọn ń sanwó fún ni. Bẹ́ẹ̀ D ni mo gbà ní kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́. Wọ́n ní ká kọ nǹkan lórí eré Death and the King's Horseman tí Soyinka gbé jáde ní 1975, eléyìí tó dá lórí ohun tí Soyinka ní ó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ ní 1946, mo jókòó, mo kọ ojú ewé mẹ́fà pé àṣà òyìnbó àti àṣà Yorùbá ló ń kọlu ara wọn. Ni lẹ́kúrà wa bá ṣí iwájú ìwé yẹn hàn mí, ibi tí Soyinka fúnra ẹ̀ ti kìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé eré náà sórí ìtàgé pé kó má fi ìkọlù àṣà túmọ̀ ẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ka ibẹ̀! Wọ́n ní kí n lọ kà á padà, kí n máa bi ara mi pé ta ló ń sọ̀rọ̀, ta ló ń bá wí, kí ló mọ̀ tí ò sọ. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn.

Ìgbà tí mo padà sílé, kọ́ńpìnì kan gbé ágírímẹ́ǹtì wá fáwọn àgbẹ̀ kajú wa. Owó ni mo kọ́kọ́ wò, ìṣirò ẹ̀ pé. Àfìgbà tí mo tún un kà bí wọ́n ṣe kọ́ mi nídìí eré yẹn ni mo rí i pé gbogbo gbólóhùn ló sọ ẹni tó máa ṣe nǹkan, àgbẹ̀ á sá kajú, àgbẹ̀ á gbé e wá, kọ́ńpìnì á wọ̀n ọ́n, àyàfi ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ ní òyìnbó pé owó tí wọ́n á fi ra kajú lè di yíyẹ̀wò. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? A ní kí wọ́n kọ orúkọ sí i, wọ́n kọ̀, làwọn àgbà náà ò bá buwọ́ lù ú. Bàbá mi ní kí n tún ibẹ̀ kà sókè fáwọn. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Tìẹ lọ́hùn-ún, minor ò sábà ju kọ́ọ̀sì márùn-ún sí mẹ́fà lọ, kírẹ́díìtì 15 sí 18 nínú bí 120 tí wàá fi gboyè, òmíì sì lè wọnú general education tó o máa ṣe dandan tẹ́lẹ̀, bi adviser ẹ. Má kó kọ́ọ̀sì méjì tó ní ìwé gígùn pọ̀ sí sáà tí project kọ̀ǹpútà bá le, èmi ṣe é, díẹ̀ ló kù kí n fìdí rẹmi ní Auditing. Má sì retí pé minor ló máa gbé iṣẹ́ wá, kò sẹ́ni tó bi mí nípa ẹ̀ ní interview rí.

Kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń fi wákàtí kan ka ewì kan ṣoṣo ni kó o kọ́kọ́ mú. Bó o bá gba D níbẹ̀, kọ̀wé sí mi, gbé ewì náà wá ká jọ kà á.