Ọ̀nà Orù ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, kí ẹ tó ronú kan ọ̀nà Ẹ̀pẹ́

Ọ̀gbẹ́ni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Ìjẹ̀bú-Òde láti Ìbàdàn béèrè pé ibo ni òun lè gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ fún wákàtí mẹ́ta ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, kí ojú òun rí ohun tí ó dára, kí òun sì padà délé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni àwọn tí ó ti dáhùn ṣáájú mi ń tọ́ka sí, nítorí ọ̀sà tí ó wà ní ìparí rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn pé ọ̀sà náà dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní agbègbè yìí, ohun tí ojú mi sì ti rí ni ó jẹ́ kí n sọ pé, kí ẹ tó wo ẹwà ọ̀nà kan, ẹ kọ́kọ́ wo irú ọkọ̀ tí ó ń gbà á.

Mo ti lọ sí Ẹ̀pẹ́ rí. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 60, èyí tí kì í ṣe eré fún ẹni tí ìdí rẹ̀ kò tíì mọ ìjókòó kẹ̀kẹ́ lára. Àwọn ọkọ̀ akóyanrìn àti tírélà sì ń sáré níbẹ̀ débi pé afẹ́fẹ́ wọn nìkan tó láti ti ènìyàn sínú koríko. Ẹ jẹ́ kí ó di ọdún tí ń bọ̀.

Ọ̀nà tí ó lọ sí Orù láti Gáréèjì Ìbàdàn ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí ni èmi fẹ́ràn jù. Ọ̀nà àtijọ́ tí ó gba Màmú lọ sí Ìbàdàn ni, láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Orù kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 15 lọ. Ibi kan ṣoṣo tí ó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni ibi tí ó ti kọjá márosẹ̀ Ṣágámù sí Benin: mo máa ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì máa ń rọra ti kẹ̀kẹ́ mi kọjá bí arúgbó, ojú kì í tì mí. Lẹ́yìn ìyẹn, igi kòkó, igi obì àti ọ̀pẹ ni ẹ ó máa rí lọ́tùn-ún lósì, pẹ̀lú ọparun níbi tí odò bá wà. Ní àwọn abúlé, bí àwọn ìyá bá ń yan gàrí, òórùn kíkan tí a mọ̀ mọ gàrí Ìjẹ̀bú yóò ti pàdé yín kí ẹ tó rí èéfín. Bí ẹ bá dé Orù, apá ọ̀tún ni Ìjẹ̀bú-Igbó wà, apá òsì sì ni Àgọ́-Ìwòyè. Ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó tutù jù, àmọ́ ọkọ̀ agégẹdú máa ń pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo ń gbà á. Ní ti Àgọ́-Ìwòyè, ọ̀kadà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni ẹ ó máa yẹ̀ fún. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má ṣe jáde ní Sátidé bí ẹ bá lè yẹra fún un. Ẹ ó tètè mọ̀ pé ìlú aláriyá ni ẹ wá, àti pé bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kó aláṣọ ẹbí kì í rí ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó sọ mí di ọlọ́gbọ́n. Ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù kẹsàn-án, lẹ́yìn òjò alẹ́, mo ti kọjá Orù kí n tó ṣẹ́rí padà. Mo rí omi kan lójú títì tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, mo sì rò pé kò jìn. Kòtò ni. Táyà iwájú wọlé, túùbù bẹ́, èmi náà fi ìgbọ̀nwọ́ gbálẹ̀. Fọkanáísà kan tí mo bá lẹ́bàá ọ̀nà lẹ túùbù náà dáadáa, ó tilẹ̀ kọ̀ láti gba owó tó bí mo ṣe fẹ́ fún un, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ fẹ́ ẹ ni wàhálà dé. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni tèmi, ẹnu túùbù rẹ̀ tín-ín-rín bí ìdí àáyán, ẹ̀rọ fọkanáísà náà sì jẹ́ ti ẹnu túùbù ọkọ̀ àti ọ̀kadà, tí ó nípọn. Kò sí bí a ṣe ṣe é tí atẹ́gùn wọlé. Bí mo ṣe ń ti kẹ̀kẹ́ tí a ti lẹ túùbù rẹ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde nìyẹn, fún ohun tí ó lé ní wákàtí mẹ́ta, nínú oòrùn, tí àwọn ọmọdé abúlé sì ń kí mi kú ìrìn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fi aago ṣẹ́rí padà, tí n kì í fi ìlú ṣe é. Bí wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ti pé tí mo ti kúrò nílé, ibikíbi tí mo bá wà, mo ti yí padà. Nígbà ọyẹ́, ẹ ó fẹ́ràn ọ̀nà Orù sí i, torí pé láti àríwá àti ìlà-oòrùn ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń wá: yóò dojú kọ yín ní àlọ nígbà tí agbára ṣì wà, yóò sì máa tì yín bọ̀ wálé. Nígbà òjò, láti ọ̀nà òkun ni afẹ́fẹ́ ń gbà wá, àbọ̀ ni ó sì ń le. Ẹ tètè jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí afẹ́fẹ́ náà tó jí dáadáa.

Bí wákàtí méjì péré ni ẹ ní, ẹ lọ sí Òkè-Ẹ̀rí, níbi ojúbọ àti sàréè Bílíkísù Súngbọ́. Ìtàn wa ni pé obìnrin náà ni ó gbẹ́ Erédò, yàrà àti òkìtì tí ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká fún ohun tí ó ju kìlómítà 160 lọ, tí ó sì ga tó mítà 20 láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì ní àwọn ibì kan. Bí ẹ bá mú ìyàwó yín lọ, kí ẹ ti sọ fún un pé wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọ ibi sàréè náà. Ẹ tún máa béèrè lọ́wọ́ onílé yín nípa ọjọ́ Orò àti àkókò Agẹmọ, nítorí pé àwọn ọ̀nà kan wà tí obìnrin kì í rìn nígbà náà.

Nípa ohun tí ẹ ó mú dání: túùbù tuntun méjì, pọ́ǹpù ọwọ́, omi, àti ìdérí bàbà kékeré tí ó ń sọ ẹnu túùbù tín-ín-rín di èyí tí ẹ̀rọ fọkanáísà lè fẹ́. Ẹ yẹ ẹnu túùbù yín wò lónìí, kí ẹ sì wá sọ irú rẹ̀ fún mi níbí. Mo ní ìdérí náà méjì nílé, ẹ lè wá gba ọ̀kan kí ọjọ́ Àìkú tó pé.