Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń jẹ, kí ló dé tí ṣúgà mi kò wálẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 58 ni mí. Látìgbà tí wọ́n ti ní mo ní àtọ̀gbẹ ni mo ti pa iyán àti ẹ̀bà tì. Àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti wíìtì ni mò ń jẹ, oyin ni mo sì ń fi sínú ògì dípò ṣúgà. Síbẹ̀, ṣúgà mi ń lé ní 200 lẹ́yìn oúnjẹ. Kí ni mò ń ṣì ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà, mà. Òkèlè lẹ pààrọ̀, ẹ ò tíì dín in kù.

Bí ẹ bá wọn èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ 100 gíráàmù, ó lé ní 70 nínú rẹ̀ tó jẹ́ sítáàṣì, ṣúgà ni sítáàṣì sì ń dà nínú ara. Ti wíìtì àti gàrí kò jìnnà sí i. Lóòótọ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ní irú sítáàṣì kan tí kì í tètè dà nínú ìfun, ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ yìn ín nìyẹn. Ṣùgbọ́n omi gbígbóná tí a fi ń ro àmàlà máa ń ba púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́. Ní ti wíìtì, ẹ wo ẹ̀yìn ọ̀rá rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ fibre sí. Èyí tí eèrí rẹ̀ pé máa ń ní nǹkan bí 10 gíráàmù nínú 100. Bí ẹ bá rí 3 tàbí 4, wọ́n ti yọ eèrí rẹ̀ dànù.

Ẹ di ẹ̀ṣẹ́, ẹ wò ó: bó ṣe tó ni kí òkèlè yín mọ, yálà àmàlà ni tàbí ẹ̀bà. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo, kí ẹja gba ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kí epo léfòó lójú ọbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja náà dáadáa kí ẹ tó kan òkèlè, ṣúgà kì í fò sókè tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà.

Oyin ò yàtọ̀ sí ṣúgà fún yín. Ṣíbí ìjẹun kan ní ṣúgà bíi gíráàmù 17, ó tó hóró ṣúgà 4. Ògì fúnra rẹ̀ gan-an, a ti sẹ́ eèrí rẹ̀ kúrò, kíá ló ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín ni kí ẹ máa jẹ láàárọ̀. Bí ẹ bá ń mu mọ́ọ̀tì pé ó ń fúnni lẹ́jẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró: èyí tó bá ní ṣúgà gíráàmù 10 nínú 100 mílílítà, 33 ló wà nínú agolo 330.

Ẹ yẹ ṣúgà wò lẹ́yìn wákàtí méjì tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kò yẹ kó tó 180. Ẹ dán òkèlè kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìwọ̀n ẹ̀ṣẹ́ kan náà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń pè ní glibenclamide tàbí abẹ́rẹ́ ínsúlínì, ẹ sọ fún dókítà yín kí ẹ tó dín oúnjẹ kù, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ débi tí kò ní tó 70 mọ́: ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn tútù á bo yín. Ìgbà yẹn ni oyin wúlò. Ẹ lá ṣíbí ìjẹun kan, kí ẹ tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.