Ṣé ohun kan náà ni ògidì àti mímọ́?

Ẹnìkan bèèrè bóyá "ògidì" àti "mímọ́" jẹ́ ohun kan náà, àti bóyá àṣà kankan wà tó jẹ́ ògidì.

Rárá o, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Lọ́dọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́ níbí, téèyàn bá fami kànga lẹ́yìn òjò, á ti rú. Ìyá mi á fi álọ́ọ̀mù ro ó nínú àgbá, á dé e. Kílẹ̀ tó mọ́, ẹrẹ̀ á ti rọlẹ̀, omi á ti tòrò. Àmọ́ ṣé ó ti mọ́? Ńṣe ni álọ́ọ̀mù ń so ẹrẹ̀ pọ̀ kó lè rì. Kòkòrò tójú ò rí lè ṣì kù níbẹ̀, àfi ká sè é. Omi lè tòrò kó má mọ́.

Ògidì tún yàtọ̀. Àbùlà ni òdìkejì tiẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹlẹ́mu tó bomi la ẹmu, omi ọ̀hún ì báà mọ́ gaara, ẹmu yẹn kì í ṣe ògidì mọ́. (Àbùlà gbẹ̀gìrì àti ewédú tá a fi ń jẹ àmàlà ńkọ́? Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún mi.) Góòlù kárátì 24 ni ògidì; ní ti kárátì 18, ìpín 18 nínú 24 rẹ̀ ni góòlù, bàbà tàbí fàdákà ló sábà máa ń kún ìyókù. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ bù ú là ni: ògidì góòlù rọ̀ jù, òrùka rẹ̀ á tètè tẹ̀.

Ní ti àṣà, "ojúlówó" ni kẹ́ ẹ lò. Ayédèrú ni òdìkejì ìyẹn. Ẹ wo àlàárì, ọ̀kan lára aṣọ òkè wa: òwú sílíkì pupa tí wọ́n fi ń hun ún láyé àtijọ́, òdìkejì aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń wá. Òwú sányán ní tiẹ̀, ara kòkòrò inú igbó wa ni. Síbẹ̀, ta ló máa pe àlàárì ní ayédèrú aṣọ òkè?

Ìlú wa gan-an ńkọ́? Nígbà táwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó lọ́dún 1851, Ẹ̀pẹ́ ló forí lé pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sì bá àwọn Ìjẹ̀bú níbẹ̀. Dídé rẹ̀ yẹn ni wọ́n ń fi ọdún Káyókáyó rántí. Nítorí náà, bẹ́nìkan bá ní ògidì ọmọ Ẹ̀pẹ́ lòun, ẹ bi í: Èkó Ẹ̀pẹ́ ni àbí Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́?