Ìsinmi Tọkọtaya n'Íbàdàn Tí A Fẹ́ Fi Wo Ilẹ̀ Oko

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èkó ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Àyájọ́ ìgbéyàwó wa ń bọ̀, a sì fẹ́ wá sinmi n'Íbàdàn láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú. Ọkọ mi ní kí á kúkú fi wá ilẹ̀ éékà kan lábúlé, tí a ó máa fi dáko, tí a ó sì kọ́ ilé kékeré sí bó bá yá. Ajẹ́ńtì kan ní òun ní ilẹ̀ lọ́nà Mọ́níyà, pé bí a bá mú owó dání, ìwé á ti bọ́ sí wa lọ́wọ́ kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ṣé ó ṣeé ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin tọkọtaya. Ẹ lè sinmi, ẹ sì lè wo ilẹ̀. Owó ni kí ẹ fi sílé. Ọ́fíìsì tí a ti ń yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní Sẹkitéríàtì l'Ágodi kì í ṣí ní Sátidé àti Àìkú, ajẹ́ńtì yín náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ibi iṣẹ́ yín bá gbà, ẹ fi ọjọ́ Ajé kún un.

Ohun tó ń tan àlejò jẹ jù lórí ilẹ̀ oko Ìbàdàn ni pé ẹni tí ẹ bá lórí ilẹ̀ lè má jẹ́ onílẹ̀. Púpọ̀ nínú oko tó yí ìlú ká, láti Akínyẹlé dé Ọnà-Àrà, agboolé tó wà nínú ìgboro ló ni ín. Àwọn baba ńlá wọn ló fi àlejò síbẹ̀ pé kó máa dáko, kó máa san ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn owó tàbí irè oko tí à ń fún onílẹ̀. Ọmọ-ọmọ àlejò náà lè ti di àgbà abúlé lónìí, kó ní kòkó àti ọ̀pẹ níbẹ̀, kó máa sọ̀rọ̀ bí onílẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ purọ́: òun ló ni igi, òun kọ́ ló ni ilẹ̀. Àwọn tó lè tà á ni ẹbí tó wà nígboro, ìyẹn mọ́gàjí, tó jẹ́ olórí ẹbí, àti àwọn àgbà ìdílé láti ojúlé kọ̀ọ̀kan. Bí àwọn yòókù bá tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, lójú òfin wọn ò ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà, àwọn àgbà ìdílé lè gba kóòtù lọ kí wọ́n yí i padà.

Nítorí náà, abúlé ni kí ẹ lọ ní Sátidé, kí ẹ lọ sílé mọ́gàjí ní Àìkú, torí ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń ṣèpàdé. Ajẹ́ńtì tó bá mú yín dé oko tí kò fẹ́ kí ẹ dé agboolé, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ bi í léèrè iye tí yóò gbà lórí igi rẹ̀, kí ó wọ inú àdéhùn. Ẹ lè san owó ilẹ̀ pé, kí ìjà ó bẹ́ sílẹ̀ lórí kòkó tí ẹnikẹ́ni ò san owó rẹ̀.

Ní ti ìsinmi, ọkọ̀ ojú irin láti Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta máa ń já yín sí Mọ́níyà gan-an, ẹ ò ní í bá sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọ̀nà Èkó wọ̀ yá ìjà. Ilé àlejò wà nínú ọgbà IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, lọ́nà Ọ̀yọ́, inú ilẹ̀ tó tó 1,000 hẹ́kítà, tó ní igbó àti adágún omi, kò sì jìnnà sí Mọ́níyà. Ẹ pè wọ́n ṣáájú. Ẹ má gbé ìpè ajẹ́ńtì kankan lọ́jọ́ Ẹtì. Bí agboolé náà bá sún mọ́ Ọjà'ba, ẹ yà sí Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, kí ẹ sì jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì kí ẹ tó padà.

Kí oòrùn tó mú ni kí ẹ dé oko, pẹ̀lú bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀. Ẹ yí gbogbo ilẹ̀ náà po. Ẹ má dúró sí etí títì kí wọ́n máa nawọ́ sí i fún yín. Bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ẹ ṣọ́ra fún ibi tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí koríko rẹ̀ ṣì tutù nígbà tí ibòmíràn ti gbẹ. Àkùrọ̀ ni. Bí ẹ bá rí igi ògùrọ̀, tàbí kókò tó ṣú dùdù, tàbí ihò akàn tí ẹrẹ̀ tútù yí ẹnu rẹ̀ ká, omi ò jìnnà sísàlẹ̀. Ẹ̀fọ́ á ṣe dáadáa níbẹ̀, àmọ́ ìpìlẹ̀ ilé kò ní í fara rọ. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin abúlé bí kànga wọn ṣe ń rí lóṣù Kẹta. Orí àpáta ni Ìbàdàn jókòó lé; kànga ilé kan lè lómi, kí ti ìkejì gbẹ táútáú.

Níbi ààlà, ẹ wá pérégún. Èyí tó ti pẹ́, ìdí rẹ̀ á ti ki, á ti yọ ẹ̀ka. Èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́lẹ̀ nítorí yín, ẹ fọwọ́ mì í díẹ̀, á mì tìdí-tìdí. Ẹ wá ọ̀nà bá ẹni tí ẹ ó jọ pààlà sọ̀rọ̀ nígbà tí ajẹ́ńtì ò sí nítòsí.

Bí wọ́n bá ní éékà kan jẹ́ plọ́ọ̀tì mẹ́fà, ẹ bi wọ́n pé plọ́ọ̀tì wo. Éékà jẹ́ 43,560 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóòró. Plọ́ọ̀tì mẹ́fà tó jẹ́ 60 sí 120 jẹ́ 43,200, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n mẹ́fà tó jẹ́ 50 sí 100 jẹ́ 30,000 péré, kò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin éékà, owó éékà kan ni wọ́n á sì gbà.

Lọ́jọ́ Ajé, sọ̀fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ yóò mú àmì igun ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General, ọ̀gá àwọn awọnlẹ̀ ìjọba, fún charting, ìyẹn kí wọ́n fi wé máàpù ìjọba, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ibẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí lọ́nà Mọ́níyà àti Akínyẹlé, torí ojú ọ̀nà kan tó gùn tó 110 kìlómítà tí ìjọba ń la yí ìlú ká gba inú oko púpọ̀. Ilẹ̀ tó bá ti bọ́ sínú èyí tí ìjọba gbà, rìsíìtì ẹbí ò lè yọ ọ́. Bí wọ́n bá fún yín ní plan, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀ náà, tẹ́lẹ̀, ẹ má tẹ nọ́ńbà inú rẹ̀ sínú máàpù fóònù kí ẹ gbà á gbọ́. Ìwọ̀n Minna, ìlànà ìwọnlẹ̀ ti Nàìjíríà, ni ọ̀pọ̀ plan wa ń lò, fóònù ń lo WGS84, ti gbogbo ayé. Àárín méjèèjì lè tó 100 mítà, èyí tó pọ̀ tó láti gbé yín sórí oko ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí èsì charting bá dára ni kí sọ̀fíyọ̀ tó ri bíkìn, òpó kọnkéré tó ń fi igun ilẹ̀ hàn.

Lọ́yà yín ni kó kọ àdéhùn, kì í ṣe lọ́yà ẹbí. Kí wọ́n má kọ “Ọ̀gbẹ́ni àti Ìyáàfin” lásán síbẹ̀. Kí orúkọ ọkọ pé, kí ti ìyàwó náà pé. Nínú àṣà Yorùbá, opó kì í jogún ilẹ̀ ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ ni. Ìyàwó tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé kò nílò ogún kó tó ní ìpín tirẹ̀. Kí fọ́tò mọ́gàjí àti ti àwọn àgbà ìdílé wà lára àdéhùn náà. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí ó wà lákọsílẹ̀ pé wọ́n kà á fún un ní Yorùbá, ó sì yé e, kí ẹni tó kà á fọwọ́ tirẹ̀ sí i.