Ìyá Ìbejì, ajá tí ẹ̀yin fẹ́ àti èyí tí Bàbá Ìbejì fẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Ìyá Ìbejì ti Àkóbọ̀ n'Íbàdàn.

Mo ka lẹ́tà yín tán, mo tún un kà, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ajá lọ. Àwọn ọmọ ń sunkún pé ajá ni àwọn fẹ́. Táyé ti rí èyí tó wù ú lórí fóònù, kékeré onírun gígùn. Kẹ́hìndé, ẹni ọdún 9 bíi ti ẹnìkejì rẹ̀, kò fẹ́ fojú kan ajá láti ọjọ́ tí ti aládùúgbò ti lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ìdòwú ọmọ ọdún 3 ò bẹ̀rù nǹkan kan. Bàbá Ìbejì ní tí ajá bá máa wọ ọgbà òun, àfi kó jẹ́ Boerboel tàbí Caucasian, nítorí àwọn olè tó fo ògiri ẹ̀yìnkùlé lóṣù tó kọjá. Ìyá ọkọ yín, Àlàájà, sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí ajá bá wọ ilé yẹn, àwọn ò ní kírun níbẹ̀ mọ́. Ẹ wá ń bi mí pé irú ajá wo ló tutù, tó sì fẹ́ràn ọmọdé.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó le bẹ̀rẹ̀. Ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì. Ojúlé kan lẹ ní lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì lẹ fẹ́ gbé lé ajá kan lọ́rùn: kó máa bá ọmọ ọdún 3 yí nílẹ̀ lọ́sàn-án, kó sì máa bá olè jà lóru. Caucasian tí wọ́n ń pọ́n yìí, ní agbègbè òkè Caucasus ni wọ́n ti ń sìn ín, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó gba agbo àgùntàn lọ́wọ́ ìkookò. Boerboel, àwọn àgbẹ̀ South Africa ló fi ń ṣọ́ oko. Akọ rẹ̀ lè wọn kìlógíráàmù 70. Kì í ṣe pé ajá burúkú ni wọ́n. Wọ́n lè fẹ́ràn àwọn ọmọ inú ilé dáadáa. Àmọ́ ọmọ kíláàsì Táyé tó wá ṣeré lọ́sàn-án Sátidé, àjèjì ni lójú wọn. Bí òun àti Táyé bá ń jìjàkadì, tí Táyé figbe ta, ajá náà ò ní béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ajá bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ olówó tó mọ̀ ọ́n kọ́, tó sì ń ráyè. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ pé agogo 8 alẹ́ ni Bàbá Ìbejì ń ti ibi iṣẹ́ dé. Ta ni yóò wá kọ́ ọ? Ẹ bá mi sọ fún wọn pé wáyà orí ògiri àti iná ẹ̀yìnkùlé kì í jẹun, wọn kì í sì í bu ọmọ ọlọ́mọ jẹ. Ní ti olè, ajá tó bá ṣáà ti ń gbó ti tó. Ariwo ni olè ò fẹ́.

Èyí tí Táyé rí, mo fura pé Lhasa ni. Òun ló kún ìgboro báyìí. Láti Tibet ló ti wá, inú ilé àwọn ẹlẹ́sìn ibẹ̀ ló ti ń ṣọ́nà: ajá ńlá á wà níta, òun á wà nínú, á máa gbó tí àlejò bá yọjú. Ó rẹwà, kò gba àyè, kì í sábà wúwo ju kìlógíráàmù 8 lọ. Ẹ má jẹ́ kí ojú rẹ̀ tàn yín. Kò fẹ́ kí wọ́n máa fà á nírun, Ìdòwú á sì fà á. Irun yẹn gba kí ẹ máa yà á lójoojúmọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á dì, eégbọn á wá fi abẹ́ rẹ̀ ṣelé. Tó bá jẹ́ àwọn ìbejì nìkan ni ọmọ inú ilé, ǹ bá ní kí ẹ lọ mú un.

Tí ẹ bá bi àwọn òyìnbó, Labrador àti Golden Retriever ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ, wọn ò sì parọ́. Àwọn ọdẹ ló ń lò wọ́n láti lọ gbé ẹyẹ tí ìbọn bà wá, láìtẹ eyín bọ ẹran náà. Ìyẹn ni ẹnu wọn ṣe rọ̀, tí wọ́n sì máa ń wá ojú rere ẹni tó ni wọ́n ṣáá. Ṣùgbọ́n Scotland ni Golden ti wá, irun rẹ̀ nípọn. Ooru oṣù kẹta n'Íbàdàn á fìyà jẹ ẹ́ tí kò bá sí ibòji, omi àti fáànù. Labrador sàn díẹ̀ jù ú lọ. Àléébù tirẹ̀ ni pé kì í yó, ó sì máa ń tètè sanra jù. Títí yóò fi tó ọmọ ọdún 2, agbára rẹ̀ ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Ìrù rẹ̀ nìkan lè gbá Ìdòwú ṣubú. Àwọn onímú pẹlẹbẹ bíi Pug àti Bulldog, ẹ má tilẹ̀ yà sọ́dọ̀ wọn. Wọ́n tutù o, àmọ́ èémí gan-an ń nira fún wọn nínú ooru wa.

Èwo wá ni mo fara mọ́? Ẹ má rẹ́rìn-ín: Bingo. Ajá ilẹ̀ wa onírun kúkúrú yẹn, tàbí èyí tó jẹ́ àdàlù rẹ̀ pẹ̀lú Labrador. Ooru ò rí i gbé ṣe, oúnjẹ rẹ̀ ò náni lówó gegere, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ ọ ní gbígbó. Ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà Bingo, ìyà ló ń fà á. Wọ́n á so ó mọ́ igi láti kékeré, wọ́n á máa sọ ọ́ lókò, ebi á máa pa á, wọ́n á wá ní ajá náà ya òmùgọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 ni ọmọ ajá ń mọ ohun tí kò yẹ kó bà á lẹ́rù. Èyí tó bá gbọ́ ohùn ọmọdé, tó rí ọwọ́ ọmọdé lásìkò yẹn, kì í sábà kóríra wọn tó bá dàgbà. Síbẹ̀, ẹ má gba èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8. Ẹni tó ń ta ọlọ́sẹ̀ 5 fún yín, owó ló ń wá.

Ọ̀nà kan tún wà tó wù mí jùyẹn lọ. Àwọn tó ń jápa pọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì lè gbé ajá dání. Ẹ wádìí ládùúgbò, ẹ wádìí lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ajá ọdún 2 tàbí 3 tó ti bá ọmọdé gbélé, ìwà rẹ̀ ti hàn, kò sí pé ẹ ń ta tẹ́tẹ́.

Tí ẹ bá lọ wò ó, ẹ mú Ìdòwú dání, kí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ jókòó, ẹ má pe ajá náà. Èyí tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, tí ara rẹ̀ rọ̀, tó ń jùrù débi pé ìdí rẹ̀ ń bá a mì, tó gbóòórùn ọwọ́ yín, tó wá sùn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ yín, òun lẹ ń wá. Èyí tó ń fò mọ́ni láìsinmi tàbí tó sá sábẹ́ àga, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ọmọ kékeré. Tó bá jẹ́ ọmọ ajá, ẹ ní kí wọ́n fi ìyá rẹ̀ hàn yín. Bí ìyá bá le koko, tó ń kùn mọ́ yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ máa lọ.

Ká sòótọ́, Ìdòwú ló ń kọ mí lóminú ju ajá lọ. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì. Kò sí ajá tó tutù tó èyí tí ẹ máa fi òun àti ọmọ ọdún 3 sílẹ̀, kí ẹ lọ ro ọbẹ̀. Tó bá ń jẹun tàbí tó ń sùn, ọmọ ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Kí ajá tó bu ni jẹ, ó ti sọ̀rọ̀: á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa lá ètè, á yán láìsí oorun lójú rẹ̀, ara rẹ̀ á le gbagidi. Tó bá wá kùn, ẹ gbé ọmọ kúrò, ẹ má na ajá. Èyí tí wọ́n ń nà torí pé ó kùn, á kọ́ láti máa bu ni jẹ láìkùn.

Kẹ́hìndé ní tirẹ̀, ẹ má fipá mú un. Kó dúró lókèèrè, kó máa ju ẹran díẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹni kankan má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́, pàápàá Táyé.

Ní ti Àlàájà, ẹ má bá wọn jiyàn. Àwọn àáfà fúnra wọn ò fi ohùn ṣọ̀kan lórí itọ́ ajá, ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kọ́ ni yóò jókòó máa ka hádíìsì fún ìyá ọkọ. Kí Bàbá Ìbejì lọ fẹnu ara wọn sọ fún ìyá wọn pé ẹ̀yìnkùlé ni ajá máa wà, kò ní wọ pálọ̀. Ẹ ra ẹní ìkírun tuntun kan, ẹ ká a sínú wọ́dùróòbù, kó jẹ́ tiwọn nìkan. Lọ́jọ́ tí Àlàájà bá ń bọ̀, ẹ ti ti ajá mọ́ ẹ̀yìn kí wọ́n tó kan géètì. Àmọ́ o, ẹ̀yìnkùlé kì í ṣe ṣéènì láti àárọ̀ dalẹ́. Ajá tí wọ́n dá dè, kì í tutù.

Dìgbòlugi kì í ṣe ohun àwàdà. Tó bá ti fara hàn lára èèyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí nígbà gbogbo. Láti oṣù 3 ni ọmọ ajá ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ẹ ó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Ti parvo, àìsàn ìgbẹ́ gbuuru tó ń pa ọmọ ajá, ti ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nínú ìlú yín níbẹ̀. Bí ajá èyíkéyìí bá bu ọmọ jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi epo pupa sí i, ẹ má fi àgúnmu sí i.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè káàdì àjẹsára rẹ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ní ó wà nílé, ẹ ní kó lọ mú un wá, ẹ ó dúró dè é.