Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ọ̀rọ̀ “floor” kò dúró sójú kan

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo máa ń ka ìròyìn lédè Gẹ̀ẹ́sì kí n lè túbọ̀ mọ èdè náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń dà mí láàmú. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀ inú ilé, èyí tí à ń gbá, ni wọ́n ń pè ní “floor”. Nígbà tí mo wá kà á pé aṣòfin kan “has the floor”, tí òmíràn sì “crossed the floor”, n kò mọ bí ilẹ̀ ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Bákan náà, wọ́n ní kí n wá sí ọ́fíìsì kan ní “first floor”. Ṣé ìsàlẹ̀ ni àbí òkè? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lóye.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ìtumọ̀ tí ẹ mọ̀ yẹn kò ṣì rárá, òun gan-an ni gbòǹgbò. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ní ìbátan nínú àwọn èdè tó múlé tì í. “Vloer” ni wọ́n ń pè é lédè Dutch, “llawr” lédè Welsh, nígbà tí “Flur” ti àwọn ará Jámánì ti yà díẹ̀, tó ń tọ́ka sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú ilé tàbí ilẹ̀ oko. Láti orí ibi tó tẹ́jú tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ yìí ni ọ̀nà ti pín sí méjì: “floor” di ibi tí iṣẹ́ tàbí ọ̀rọ̀ ti ń lọ, ó sì tún di ibi tí nǹkan dé tí kò lè lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ti ọ́fíìsì yẹn ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Ìpele kọ̀ọ̀kan nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni “floor”. Ní ilẹ̀ Britain, “ground floor” ni ìpele tó wà lórí ilẹ̀ gan-an, ibi tí ẹ bá sì kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn dé ni “first floor”. Ní Amẹ́ríkà, ìpele ilẹ̀ yẹn ni wọ́n sábà máa ń pè ní “first floor”, tí èyí tó wà lókè rẹ̀ á sì di “second floor”. Ẹ bi ẹni tó pè yín bóyá ẹ máa gun àtẹ̀gùn, nítorí orúkọ ìpele náà nìkan kò tó. Ní tiwa, àjà la fi ń ka ilé, tí a fi ń sọ pé ilé alájà mẹ́ta: ohun tó wà lókè orí là ń kà, ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń kà. Ìyàtọ̀ yìí wù mí púpọ̀, ó sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń túmọ̀ èdè máa rántí rẹ̀.

Ní ilé aṣòfin, “the floor” ni inú gbọ̀ngàn tí àwọn aṣòfin ti ń jíròrò, tó yàtọ̀ sí ibi tí àwọn àlejò ń jókòó sí láti wòran. Bí alága bá ti yọ̀ǹda fún aṣòfin kan láti sọ̀rọ̀, onítọ̀hún “has the floor”, ìyẹn ni pé àyè ọ̀rọ̀ ti di tirẹ̀. Ní ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà, ẹni tó bá gba àyè náà lè dì í mú fún ìgbà pípẹ́, bí kò bá ti jókòó tí kò sì dákẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Cory Booker ti dúró tó ń sọ̀rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, fún wákàtí 25 àti ìṣẹ́jú 5, tó fi borí wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 18 tí Strom Thurmond lò ní ọdún 1957. “Hold the floor” ni wọ́n ń pe ohun tí àwọn méjèèjì ṣe; “yield the floor” sì ni kí èèyàn fi àyè náà sílẹ̀.

Ti “cross the floor” gba pé kí ẹ fojú inú wo House of Commons ní London, níbi tí ẹgbẹ́ ìjọba àti ẹgbẹ́ alátakò ti kọjú síra wọn, tí àlàfo ilẹ̀ sì wà láàárín. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1904, Winston Churchill fi ẹgbẹ́ Conservative sílẹ̀, ó sì lọ jókòó sáàárín àwọn Liberal ní òdìkejì. Ẹsẹ̀ ló fi rìn ín ní tòótọ́. Lónìí, aṣòfin tó bá kúrò nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ́ sí òmíràn ni wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ náà fún.

Nínú ilé iṣẹ́, ẹ má ṣe rò pé ìsọ̀ ọlọ́jà ni “shop floor”. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń fi ẹ̀rọ ṣe nǹkan ni, a sì máa fi tọ́ka sí àwọn òṣìṣẹ́ náà fúnra wọn.

Ọ̀nà kejì kò ní í ṣe pẹ̀lú ibi tí à ń rìn. Ìsàlẹ̀ pátápátá òkun ni “ocean floor”. Ní ti owó, “wage floor” ni owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ tí òfin fàyè gbà, bíi sẹ́ǹtì 25 fún wákàtí kan tí òfin Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ní ọdún 1938. Àwọn onímọ̀ ìṣirò náà sì mú un lò: Kenneth Iverson ló fún ìṣirò kan ní orúkọ yìí ní ọdún 1962, èyí tó ń sọ nọ́ńbà kalẹ̀ sí odidi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. “Floor” 3.7 jẹ́ 3. Ṣùgbọ́n “floor” -2.5 jẹ́ -3, kì í ṣe -2, nítorí ìsàlẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ máa lọ nígbà gbogbo, àní lábẹ́ òdo pàápàá. Níbí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ti máa ń ṣì í, torí pé wọ́n kàn ń gé ìdá náà kúrò.

Ó ku kí ẹ pàdé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-ìṣe. Abẹ̀ṣẹ́ tí ìkúùkù gbé ṣánlẹ̀ ni wọ́n ń sọ pé ó “was floored”, wọ́n sì ń lò ó fún ẹni tí ìbéèrè tàbí ìròyìn kan bá lójijì tí kò fi rí ọ̀rọ̀ sọ. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé ìròyìn, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀ kí ẹ tó pinnu bóyá ẹni náà ṣubú ní tòótọ́.